Ààrẹ Di Ìyàwó Àwọn Ọmọdé

Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, aṣọ ìyàwó bò ó lórí títí dé àyà, ìyá àgbà mi sì ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Bùbá tí a fi sin ín ló wọ̀, ó sì ń ráhùn pé télọ̀ tó rán an kò fi àyè sílẹ̀ ní abíyá. Ẹsẹ̀ Ààrẹ tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Bí ìyá àgbà bá fọ ọmọ ìka kan tán, á jókòó, á sinmi, á jẹ ẹ̀pà díẹ̀, kó tó bọ́ sórí èkejì. Abọ́ omi kan náà ló fi fọ gbogbo rẹ̀. Omi yẹn ò tán, ṣùgbọ́n ó ń kígbe pé kí wọ́n má fi òun ṣòfò, pé òun nìkan ló ṣẹ́kù ládùúgbò.

Lẹ́yìn Ààrẹ, àwọn mọ́tò rẹ̀ tò lọ bí ìjàlọ títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti kan ilẹ̀, gbogbo wọn sì ń sun ẹkún ìyàwó. Sáírìnì ni wọ́n fi ń sun ún. Èyí tó wà níwájú á gbé e pé, "Ìyá mi, ẹ súre fún mi o, mò ń lọ sílé ọkọ," àwọn tó kù á sì gbè é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn ń fi ìdí ìbọn nu ojú ara wọn. Igi ọsàn tó wà lójúde wa náà sunkún. Mo tọ́ omi ojú rẹ̀ wò, ó kan.

"Ìyàwó, gbé ẹsẹ̀ kejì wá," ni ìyá àgbà wí.

"Ẹ ṣé, mà," ni Ààrẹ wí lábẹ́ aṣọ.

Èmi Mùráínà ni alárenà ìgbéyàwó náà. Iṣẹ́ kíkun ilé ni mò ń ṣe lójú ayé, bí mo bá sì ń kun ilé lọ́wọ́, mo máa ń sọ fún àwọn tó dúró nísàlẹ̀ pé èmi àti Ààrẹ jọ mu gààrí nínú abọ́ kan rí, pé èmi ni mo tiẹ̀ mu èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lójú àlá, irọ́ tí èèyàn bá pa máa ń di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ìyá àgbà gbé ojú sókè, ó ní, "Àkànbí, ṣebí ìwọ lo mọ̀ ọ́n? Ìwọ lo mú un wá." Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ Ààrẹ ló wà nínú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílé wa. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè lé eṣinṣin. Ìyàwó á kúnlẹ̀ kí i. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Á wò ó dáadáa, á sì fún un ní orúkọ mìíràn tó bá a mu. Nínú ilé tí à ń pè ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ọmọdé ni Ààrẹ bá níbẹ̀. Àwọn ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa. Ó yé ewúrẹ́ pàápàá, nítorí ó dìde lẹ́nu ọ̀nà kí ìyàwó lè ráyè kọjá.

"Bí àwọn ọkọ rẹ̀ bá gbà á, á wọlé, á jókòó," ni ìyá àgbà wí. "Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ilé ò lè wà láìní ìyàwó. Alárenà ni yóò bọ́ sí ipò rẹ̀."

"Ipò wo, ìyá àgbà?"

"Ipò Ààrẹ ni, olórí kunkun. Ta ló ní kí o máa purọ́ káàkiri?"

Pírámárì márùn-ún ni mo ti jáwọ́ nínú ìwé. Títí dòní, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọsàn mẹ́jọ fún ọmọ mẹ́ta kí ìjà má ṣẹlẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pín orílẹ̀-èdè? Òógùn bò mí. Ó ṣàn láti iwájú orí mi dé ìsàlẹ̀ òkè, àwọn obìnrin kan sì sáré gbé aṣọ ìdọ̀tí wá fọ̀ níbẹ̀, inú wọn ń dùn pé omi dé. Mo wo Ààrẹ. Fìlà rẹ̀ yọ ojú lábẹ́ aṣọ ìyàwó, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran, ó sì ṣẹ́jú sí mi.

Pálọ̀ wa ti yí padà. Ó ti fẹ̀ débi pé láti ibi àga dé ibi tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó èèyàn. Odò kan gba abẹ́ ibùsùn bàbá mi kọjá, kò sí omi nínú rẹ̀, ẹja inú rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní. Ẹní kan ṣoṣo ni, èyí tí à ń sá àgbàdo sí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ló gbà, àyè sì tún ṣẹ́kù fún àwọn tí a kò tíì bí. Àwọn mẹ́ta ló wà níwájú. Ìgè ni agbẹnusọ wọn, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Dàda jókòó tì í, irun orí rẹ̀ ta kókó, ẹyẹ méjì sì ń gbé inú rẹ̀ tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àjàyí ló wà láàárín. Ọmọ ọwọ́ ni. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ki ìkúùkù bọ ẹnu, ó sì ń wo gbogbo wa bí adájọ́ tó ti gbọ́ ẹjọ́ náà rí. Wọ́n ní nínú àwọn ọkọ, òun ló le jù.

Ààrẹ ṣí aṣọ lójú. Àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ wà nínú àpò agbádá rẹ̀, wọ́n kéré bí ẹ̀wà, wọ́n sì ń sọ orúkọ àwọn ọmọ náà fún un láti ibẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe máa ń nà án nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ìgè, ọmọ mi dáadáa! Báwo ni ilé ìwé?"

Páànù òrùlé ká ara wọn sókè bí obìnrin tó fẹ́ ré ẹrẹ̀ kọjá. Àwọn ìkòkò fi ọwọ́ bo ẹnu. Aago ara ògiri kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ!" ni Dàda kígbe.

"Ó tún pè mí lọ́mọ," ni Ìgè wí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ìwọ lo bí mi ni? Alárenà! Níbo lẹ ti rí eléyìí? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé wọn ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀yin ọkọ," ni mo wí. "Ọ̀nà jìn. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nílé wọn, èèyàn rere ni, mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó."

Irọ́ yẹn náà kò ràn mí lọ́wọ́. Fìlà Ààrẹ bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi lórí ilẹ̀ bí ọmọ ajá tó rí olówó rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ lé e. Ó tún ń bọ̀. Mo gun orí àga. Ó dúró sísàlẹ̀, ó ń mi ìrù.

Ààrẹ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹnu òun ló ṣì í, kí àwọn ọkọ òun jẹ́ kí òun tún un sọ. Àwọn tó wà nínú àpò kóra jọ, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n jẹun lópin ìpàdé, wọ́n sì fi orúkọ kan ránṣẹ́ sókè. Ààrẹ gbà á, ó ní, "Ó dáa. N ó máa pè yín ní Olórí Ọ̀la." Àpò náà pàtẹ́wọ́.

Ìgè ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la wo? Láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti wà lọ́mọdé lẹ ti ń pè wá bẹ́ẹ̀. Ọ̀la wọn dà? Ìyàwó, jẹ́ n bi ọ́. Àwa la bá ọ nílé ni, àbí ìwọ lo bá wa?"

"Èmi ni mo bá yín."

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

"Èmi ni."

"Ṣé o ti wò mí?"

Ààrẹ dá a lóhùn. Ó ní òun rí i. Ìgè ní rírí kọ́ lòun bi í, wíwò lòun bi í. Ààrẹ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi orúnkún wọ́ lọ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ọmọ náà, ó sì wò ó. Ó wò ó títí iṣu tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìnkùlé fi ta, tí wọ́n wà á, tí wọ́n gún un, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ láìpe èmi. Àwọn inú àpò fẹ́ yọjú wò pẹ̀lú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n padà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín músẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Eyínńbọ̀," ló pè é.

Ìgè pa ẹnu dé kíá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba àlàfo eyín náà jáde. "Tún un pè."

"Eyínńbọ̀, ọkọ mi."

"Oo!"

Páànù sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Dàda ti na ẹsẹ̀ síwájú kí wọ́n tó pè é. Ààrẹ wò ó náà, ó rí àpá kan lórí orúnkún rẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe é. Dàda ní ibi tí òun ti ń gbé omi bọ̀ láti odò kejì lòun ti ṣubú, pé òun ṣubú ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì omi òun ò ṣubú. Ààrẹ ní, "Orúnkúnakin." Dàda yí pálọ̀ náà ká, ó ń fi orúnkún han ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wà lórí ẹní. Àwọn ẹyẹ inú irun rẹ̀ kí ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ṣé dáadáa lo jí?" Èkejì ní, "A dúpẹ́." Fìlà padà sórí Ààrẹ, orí rẹ̀ sì wú díẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga.

Ó ku Àjàyí. Ààrẹ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó. Àjàyí wò ó padà bí ẹni ń wo àgbo. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kò gbà," ni Ìgè wí. "Ó ní ìyàwó tí kò tíì pọnmi kì í ṣe ìyàwó. Ó ní kí ó lọ pọnmi kún àmù ná."

"Kò kúkú sọ nǹkan kan," ni mo wí.

"Bó ṣe ń fa ọwọ́ ẹ̀ lẹ́nu lẹ ò rí?"

Àmù ilé wa wà ní kọ̀rọ̀. Lójú ayé, ó ga dé ìbàdí mi. Lọ́jọ́ náà, mo yọjú sínú rẹ̀, mo rí ìlú méjì nísàlẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ará ibẹ̀. Mo ní ẹ kú ilé. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe omi ni mo gbé wá, kí n kúrò lójú ìmọ́lẹ̀.

A kọrí síta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di òpópónà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bàtà mi tán lójú ọ̀nà. Ààrẹ ló ṣáájú, ó fa kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféèfé dání, àwọn ọkọ rẹ̀ sì ń kọ́ ọ ní ìṣe ilé, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ìyàwó tuntun. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n bá sọ ló ń lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀ bí èèmọ́.

Dàda ní, "Bí o bá ń pín nǹkan, ìwọ ni kí o mú kẹ́yìn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí o bá mọ̀ pé èyí tó kéré jù ló máa kàn ọ́, ọwọ́ rẹ á tọ́."

Ààrẹ dúró. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ẹni tó pín in ló ń kọ́kọ́ mú, á tún mú láàárín, lẹ́yìn náà á lá àwo.

"Ẹ ò ní ìyá nílé ni?" ni Ìgè bi í. Kò fi bú u, ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún.

Ọmọ kan ní kí ó máa sùn lọ́sàn-án, nítorí bí bàbá òun ò bá sùn lọ́sàn-án, ó máa ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn, tó fi dórí àga. Òmíràn ní bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá wá bá a jà, kí wọ́n ta òkòtó, ẹni tí òkòtó rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú ló jẹ̀bi, kí kálukú máa lọ sílé lọ jẹun. Ìgè ní bí wọ́n bá sọ fún un pé òrùlé ilé ìwé àwọn dára, kí ó má jiyàn, kí ó ṣáà wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, kí ó má sì mú agboòrùn wá. Ọmọ kan tí n kò rí ojú rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó fi àṣẹ Ààrẹ sọ fún ẹ̀yìn òun kó yé yún òun níbi tí ọwọ́ òun ò dé. Ààrẹ ń sọ pé, "Mo gbọ́, ọkọ mi. Ẹ ṣé, ọkọ mi." Èèmọ́ ìmọ̀ràn ti bo agbádá náà débi pé ó dà bí òòrẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹlẹ́yìn yíyún, ó dúró, ó bá a họ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi wa wà níwájú ilé. Aláǹtakùn ti ta okùn sí i lẹ́nu, ó bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣègbéyàwó. Ààrẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó kúrò. Ó ká fìlà rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé e lé orí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé òṣùká, ó sì ṣí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n. Láìpẹ́, láìjìnnà, omi yóò máa ṣàn ní gbogbo ojúlé. A ti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí rẹ̀. A sì ti gbé ìgbìmọ̀ kejì dìde láti lọ wá ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ rí."

Ààrẹ na etí. Ó tẹ̀ mọ́ ọn. "Ohùn mi nìyẹn," ló wí.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í síbẹ̀ ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà wí. Ó ti bá wa débẹ̀, ó jókòó sórí òkúta. "Kí n tó kú, àràárọ̀ ni mo máa ń gbé abọ́ sí i nídìí. Ọ̀rọ̀ ni mò ń pọn lọ sílé. Mo tiẹ̀ fi se ẹ̀wà lọ́jọ́ kan. Kò jinná."

Nínú ilé, Àjàyí bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Kò tíì di ẹkún gidi. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, èyí tí ọmọ fi ń wá ohùn. Fìlà abẹ́ kẹ́ẹ̀gì gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó fẹ́ jáde wá bá mi. Mo dojú bolẹ̀ níwájú Ìgè àti Dàda, èmi tí mo lè bí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ n di Ààrẹ! Ẹ dá ìmọ̀ràn kan sí i!"

Dàda họ orí láàárín ẹyẹ méjèèjì. "Bí rọ́bà omi bá dí, ẹnu la fi ń fà á," ló wí. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ ni kó fi ẹnu fà á jáde."

Àwọn inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. "Ẹ má ṣe é o! Kò bá ipò yín mu! Ẹnu yín kì í ṣe fún ẹ̀rọ!" Ààrẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó bọ́ agbádá tòun ti èèmọ́ àti olùdámọ̀ràn, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi ọsàn. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sí ẹ̀rọ, ó sì fà á.

Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. "Láìpẹ́" yọ, ó ti dípẹtà, ó gùn tó òjòlá. "A ó ṣe é" tẹ̀ lé e. "A ti ń gbé e yẹ̀ wò" há sí i lọ́fun, Dàda gbá a lẹ́yìn, Ààrẹ bì í jáde. Ó mí, ó tún fi ẹnu sí i. Ọ̀rọ̀ kún ojúde wa dé orúnkún, ó kún dé ìbàdí, ó wó ògiri aládùúgbò wa kan. Àwọn ewúrẹ́ tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ààrẹ wọlé débi pé méjèèjì kan ara wọn láàárín. Mo ní kó sinmi. Ó fi ọwọ́ lé mi, kò yọ ẹnu. Ìbòsí Àjàyí ń ga sí i. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, "Fà á, ìyàwó, fà á! Fà á, ìyàwó, fà á!" Èmi náà ń kọ ọ́, igi ọsàn ń kọ ọ́, àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn fi sáírìnì gbè é.

Omi dé. Ó dé bí màlúù tó já okùn. Ó gbé Ààrẹ kúrò nílẹ̀, ó jù ú sórí igi ọsàn, igi náà gbá a mú, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹja abẹ́ ibùsùn gbọ́ ohùn omi, wọ́n ju ẹsẹ̀ wọn nù, wọ́n sáré jáde. Àwọn ọmọdé gbé kẹ́ẹ̀gì wá, wọ́n gbé ìkòkò wá, wọ́n gbé báàgì ilé ìwé wá, ọmọ kan gbé bàtà kan ṣoṣo wá, kò sì bínú. Wọ́n bọ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ, àwọn ìyá wọn sì dúró wò wọ́n, wọn ò jágbe mọ́ wọn. Mo mu omi náà. Ó dùn débi pé mo gbàgbé orúkọ bàbá mi fún ìgbà díẹ̀.

Ààrẹ bu kẹ́ẹ̀gì kún, ó gbé e lé òṣùká, ó ń ta gọ́gọ́gọ́ lọ sílé. Omi ń ro sí i létí, sí i lọ́rùn. Ìgè ń tọ́ ọ láti ẹ̀yìn. "Na ọrùn, ìyàwó! Má wo ilẹ̀! Ìdí ni kí o fi gbé e, kì í ṣe èjìká!" Ó dà á sínú àmù, ó padà, ó tún bu. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ìrìn rẹ̀ fi di ijó, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n wá òṣùká tiwọn. Àwọn ará ìlú méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ àmù gun ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lókè, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Àmù gùnfẹ̀. Ó ní, "Ó tó."

Ìyá àgbà mú abọ́ rẹ̀ wá. Ó bu omi, ó gbé e sókè, ó mu ún tán láìmí. Ó nu ẹnu. "Ó tutù," ló wí. Ó wo inú abọ́ náà fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ ń dùn, bùbá rẹ̀ sì gba abíyá rẹ̀ dáadáa.

Ẹkún Àjàyí ti dá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú Ààrẹ lórí ẹní. Ààrẹ kúnlẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tútù, ó bu omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Gbogbo ilé na ọrùn. Ọkàn mi jáde láyà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí nǹkan bá burú òun ò ní padà wọlé. Àjàyí yọ ìkúùkù lẹ́nu, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mu omi náà. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ààrẹ bí Ààrẹ ti ń wò ó.

"Ìyàwó," ló wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Oo, ọkọ mi!" ni Ààrẹ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì là bí ohùn ọmọdékùnrin.

Mo fò sókè. Mo fò débi pé mo kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ní kí n jókòó, mo ní n kò dúró, inú mi ń dùn ni. Nígbà tí mo balẹ̀, n kì í ṣe Ààrẹ. Mo fọwọ́ kan orí mi, irun mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìgè ń fi omi wọ́n gbogbo èèyàn. Dàda ti sùn, àwọn ẹyẹ rẹ̀ ń bá a lé eṣinṣin.

Àjàyí na ìka. Òòrùn ti sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sórí ògiri tó wó, ó ń wo eré omi, ó jọ ẹni tí wọn ò pè. Ọmọ náà fẹ́ ẹ. Ìyá àgbà fi ọ̀já dì í sẹ́yìn Ààrẹ, Ààrẹ sì rọra rìn lọ bá òòrùn. Òòrùn ò sá. Ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n jókòó pọ̀. Àjàyí na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi pa òòrùn lójú, òòrùn rẹ́rìn-ín. Ààrẹ tẹ̀ sí i, ó sọ nǹkan sí i létí. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Òòrùn mi orí pé òun gbà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń bọ́ bàtà rẹ̀ kó lè wọ inú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàtà náà pọ̀.